Rọ́bà Ara Bàtà

Tó, tó, tó.
Ẹ̀rọ omi ilé ìdáná mi ló ń wí bẹ́ẹ̀,
síbẹ̀ kò sí ohun kan nínú ilé yìí tó tó.
Láti ìgbà tí Vazha ti lọ ṣiṣẹ́ ní Poland
ló ti ń kán, lóru, lọ́sàn-án,
lókè àjà kẹta ní Kutaisi,
níbi tí òtútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tí a kò pè.

Murman púlọ́ńbà wá, ó wò ó, ó pòṣé.
Ó ní ọgọ́ta lárì, owó ọkọ̀ òun kò sí níbẹ̀.
Mo ní, "Ọgọ́ta? Ṣé o fẹ́ bá mi ra odò Rioni ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ.
Ọgọ́ta lárì! Igi ìdáná ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.
Bàtà iléèwé ọmọ mi ni, ẹsẹ̀ kan ààbọ̀.

Dodo, ìyá ọkọ mi, ń wò mí láti orí àga rẹ̀.
Ó ní, "Lamara, ìwọ tó ń yọ egungun lára ẹja láìwò,
ẹ̀rọ omi ló wá fẹ́ dá ọ lágara?"
Mo ní n kò mọ̀ ọ́n ṣe.
Ó ní, "Ta ni wọ́n bí i mọ́?"

Mo wá sípánà Vazha kàn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
ìpáàrà ti jẹ ẹ́ lẹ́nu.
Mo fi òróró pa á, mo fi àkísà wé e,
mo yí ẹ̀rọ sí òsì. Kò mì.
Mo fi gbogbo ìbínú ọdún méjì yí i.
Hàà!
Omi tú jáde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.
Omi kọlu àjà, omi kọlu búrẹ́dì, omi kọlu mi.
N kò ti omi pa kí n tó bẹ̀rẹ̀!
Jumber tó wà nísàlẹ̀ ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà rẹ̀,
gbà, gbà, gbà: "Ṣé ẹ fẹ́ rì wá sómi ni?"
Dodo tí orúnkún kì í jẹ́ kó dìde
ló ṣáájú mi dé ibi tí a ti ń ti omi.

Nígbà tí mo wo inú ẹ̀rọ,
gbogbo ariwo yìí, rọ́bà kékeré kan ni,
kò tó bọ́tìnì ẹ̀wù, ó ti ya sí méjì.
Ilẹ̀ sì ti ṣú, ìsọ̀ ti tì.
Mo wo igun ilé: bàtà òjò Vazha,
tó ní òun á padà wá wọ̀ nígbà ìkórè àjàrà.
Ìkórè méjì ti kọjá.
Mo mú ọ̀bẹ. Mo dúró.
Dodo kò sọ̀rọ̀; ọmọ rẹ̀ ló ni bàtà.
Nígbà tó yá, ó ní, "Gé e lẹ́bàá gìgísẹ̀. Ibẹ̀ ló nípọn."

Mo fi owó wẹ́wẹ́ ṣe òṣùwọ̀n, mo gé e yíká.
Àkọ́kọ́ tóbi. Èkejì wọ́.
Ẹ̀kẹta jókòó bí ẹyin sínú ìtẹ́.
Mo dè é le, mo ṣí omi, mo tẹ́tí.
Ẹ̀rọ dákẹ́.
Èmi ni mo wá sọ ọ́ fúnra mi: ó tó.

Ṣùgbọ́n lóru, oorun kọ̀, kò wá.
Ariwo yẹn ti ń bá mi sùn, ní ipò ẹnìkan.
Mo pe Vazha. Mo ní, "Mo ti gé bàtà rẹ."
Ó pẹ́ kó tó fọhùn. "Èwo níbẹ̀?"
"Tọ̀tún."
Ó ní, "Kò burú. Tòsì ti ń jò tẹ́lẹ̀,
kí wọ́n kúkú dọ́gba."
A rẹ́rìn-ín títí owó fóònù fi tán.

Bàtà náà ṣì wà ní igun, ihò mẹ́ta lára rẹ̀.
Rọ́bà púpọ̀ ṣì kù.
Fèrèsé ń jò.